Ilẹ̀ Kò Jẹ̀bi Ebi

Ọ̀rọ̀ kan wà tí tọmọdé tàgbà ń sọ, tí ó ti pẹ́ lẹ́nu débi pé kò sí ẹni tí í bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀ mọ́: wọ́n ní ebi ń pa aráyé nítorí pé oúnjẹ kò tó, oúnjẹ kò sì tó nítorí pé ènìyàn ti pọ̀ jù, pé ilẹ̀ ti ṣá, pé òjò kò rọ̀ lásìkò, pé àgbẹ̀ kò mọ iṣẹ́ tàbí pé àwọn ọ̀dọ́ ti sá kúrò lóko. Olùkọ́ ń fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé, oníwàásù ń sọ ọ́ lórí àga ìwàásù, akọ̀ròyìn ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, àwọn ìjòyè ìjọba sì gbà á mọ́ra ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó bá ti di ẹ̀bi ru òjò àti ilẹ̀ kò lè ké sí ìjòyè kankan láti wá jẹ́jọ́. Mo takò ó. Mo ní irọ́ ni, irọ́ tó ń pa ènìyàn sì ni, nítorí pé bí a bá ti gbà pé oúnjẹ ni kò sí, a kò tún ní béèrè ọwọ́ ẹni tí oúnjẹ wà mọ́.

Kì í ṣe pé mo fojú kékeré wo ebi. Ebi, apani-má-yọ-idà, òun ni àwọn baba wa mọ̀ dáadáa tí wọ́n fi sọ pé kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, òun náà ni wọ́n sì ń wò nígbà tí wọ́n ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tí ebi sọ irun orí rẹ̀ di pupa, tí ikùn rẹ̀ yọ síta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, irú èyí tí gbogbo ayé rí lójú àwòrán láti ilẹ̀ Ìgbò nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà láàárín 1967 sí 1970, kò ní gbàgbé rẹ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an, iṣu ń tà ní Ìbàdàn, wọ́n ń yan ẹja ní Èkó, màlúù ń ti Kánò sọ̀kalẹ̀ wá. Ogun tí wọ́n fi sé ọ̀nà ló dúró láàárín ọmọ náà àti oúnjẹ. Ilẹ̀ kò kọ̀ láti so.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò, nítorí pé ẹni tó bá ní nǹkan kò tó, ó yẹ kó ti kà á. Ìrẹsì, àgbàdo, àlìkámà, ọkà bàbà àti àwọn oníhóró yòókù tí aráyé ń kórè lọ́dún kan ní àkókò tiwa yìí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2,800 tọ́ọ̀nù. Àwa tí a ń jẹ ẹ́ lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù 8. Bí a bá pín in lọ́gbọọgba, tí a kò yọ ọmọ ọwọ́ tí ń mu ọmú sílẹ̀, tí a kò yọ arúgbó tí kò léyín sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan lójúmọ́ fún olúkúlùkù, èyí tó ju ohun tí àgbàlagbà ń fẹ́ láti fi gbé ẹ̀mí ró. Bẹ́ẹ̀ a kò tí ì fọwọ́ kan iṣu, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà, ẹja, ẹran, epo àti èso igi. Síbẹ̀ àwọn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ kéde pé ní ọdún 2024, nǹkan bíi mílíọ̀nù 673 ènìyàn ni ebi ń pa, pé ní ilẹ̀ Áfíríkà nínú ènìyàn márùn-ún, ó ju ẹnì kan lọ tí kò rí oúnjẹ tó tó jẹ, àti pé àwọn tí agbára wọn kò ká oúnjẹ tó ń ṣara lóore tó bílíọ̀nù 2.6.

Níbo wá ni oúnjẹ náà gbà lọ? Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn oníhóró wọ̀nyí ló ń lọ sẹ́nu màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ, kí àwọn tó lówó lè máa fi ẹran kún ẹran. Ní Amẹ́ríkà, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àgbàdo wọn tó ń lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo ọkọ̀. Àgbàdo tó lọ sóko ní ìhòòhò, tó padà bọ̀ pẹ̀lú igba aṣọ àti igba ọmọ, ó wá di ohun tí ẹ́ńjìnnì ń mu. Ní ọdún 2022, oúnjẹ tí ilé àwọn ènìyàn, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù dà nù lágbàáyé ju bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ. Ẹni tó bá wo gbogbo èyí tó sì tún ní oúnjẹ ni kò tó, n kò mọ irú ojú tó fi ń wò ó.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìṣirò orí ìwé ni mo ń ṣe, ẹ bá mi ká lọ sí Bengal ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ọdún 1943, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé wọn lórí tí ogun àgbáyé kejì sì ń jà. Mílíọ̀nù méjì sí mẹ́ta ènìyàn ni ìyàn náà pa. Ohun tí ìjọba ń sọ nígbà náà, tí ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà sì tún sọ ní 1945, ni pé ìrẹsì kò tó: ìjì ńlá jà ní etíkun ní oṣù kẹwàá 1942, Japan sì ti gba Burma, níbi tí ìrẹsì ti máa ń wọlé wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì jọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Bengal kan wà tí ìyàn náà ṣojú rẹ̀ nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, Amartya Sen, ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà gbà láàyè pé kó máa bu ìrẹsì agolo sìgá kan, kó má sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ìdílé kọ̀ọ̀kan tó bá wá ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà wọn. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, ó padà lọ tú ìwé ìkórè ọdún wọ̀nyẹn wò, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1981 nínú ìwé tó pè ní Poverty and Famines: ìrẹsì tó wà ní Bengal ní 1943 fi nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 ju ti 1941 lọ, bẹ́ẹ̀ ìyàn kò mú ẹnikẹ́ni ní 1941.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣì ń bá a jiyàn lórí ìṣirò yìí títí di òní, wọ́n ní ìwé ìkórè ayé ìgbà náà kò ṣe é gbára lé. Ó dára, kí wọ́n máa jiyàn lọ. Ohun tí kò ṣe é jiyàn ni àwọn tó kú, àti irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ogun ti mú owó ya wọ Calcutta, olú-ìlú Bengal, bí àkúnya omi. Àwọn ọmọ ogun pọ̀ níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun ìjà pọ̀ níbẹ̀, ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì ń ra ìrẹsì jọ pelemọ láti máa tà á ní ẹ̀dínwó fún àwọn ènìyàn tiwọn. Àwọn oníṣòwò rí i pé iye rẹ̀ ń gòkè, àwọn náà sì ń kó tiwọn pamọ́. Ìwọ̀n ìrẹsì tí wọ́n ń tà ní Calcutta ní rúpìì 13 tàbí 14 ní oṣù kejìlá 1942 ti lé ní 30 nígbà tó di oṣù karùn-ún 1943, ó sì ti di 37 ní oṣù kẹjọ. Yàtọ̀ sí èyí, ìjọba ti gba ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ àwọn ará etíkun láti 1942, wọ́n ní kí Japan má baà rí i lò bí wọ́n bá gbógun dé. Ẹ wá wo apẹja tí kò ní ọkọ̀ mọ́. Ẹ wo alágbàṣe tí owó ojúmọ́ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà nígbà tí ìrẹsì ti fò lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ sì wo onígbàjámọ̀ abúlé, ẹni tó jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú abẹ rẹ̀ tó mú bérébéré: nígbà tí ìrẹsì bá wọ́n, ta ni yóò san owó láti fárí? Irun lè dúró, ikùn kò lè dúró. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń dín kù, ìwọ̀nba owó tó sì rí gbà lọ́wọ́ àwọn tó kù kò lè ra ju díẹ̀ kíún lọ nínú ìrẹsì tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń rà lọ́dún tó kọjá. Irú àwọn wọ̀nyí ló kú. Wọ́n rìn láti abúlé wọ Calcutta, wọ́n sì ń kú sí iwájú ṣọ́ọ̀bù tí oúnjẹ kún inú rẹ̀, nígbà tí akọ̀wé ìjọba tó ń gba ìpín tirẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá ní àìtó ìrẹsì ló pa wọ́n, kó ṣàlàyé fún mi bí àìtó náà ṣe mọ ilé onígbàjámọ̀ yàtọ̀ sí ilé akọ̀wé.

Kì í sì ṣe Bengal nìkan. Ní ilẹ̀ Ireland láti 1845, àrùn pa ànàmọ́ òyìnbó tí àwọn tálákà gbójú lé, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn kú, ó lé ní mílíọ̀nù kan tó sì sá kúrò nílùú. Lójú wọn báyìí ni ọkọ̀ òkun ń kó ọkà, bọ́tà àti màlúù ilẹ̀ wọn lọ sí England, nítorí pé onílẹ̀ ló ni ín, England ló sì ní owó tó fi lè rà á. Ní ìgbèríko Wollo ní Ethiopia ní 1973, oúnjẹ ń jáde kúrò níbi tí ìyàn ti mú lọ sí Addis Ababa, kí àwọn olówó lè rà á. Ní Bangladesh ní 1974, omíyalé gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn alágbàṣe kí ó tó di pé ó kan ìkórè, Amẹ́ríkà sì dá oúnjẹ ìrànwọ́ dúró nítorí pé Bangladesh ta àpò ọ̀gbọ̀ fún Cuba. Àpò ọ̀gbọ̀! Ọmọ tó kú ní Rangpur lọ́dún náà kò gbọ́ orúkọ Cuba rí. Ní Niger ní 2005, ọ̀dá mú lóòótọ́, eéṣú sì jẹ oko, ṣùgbọ́n jéró wà lọ́jà. Iye rẹ̀ ni kò ṣe é sún mọ́, nígbà tí iye ẹran ọ̀sìn tí darandaran fẹ́ tà láti fi rà á ti já wálẹ̀ pátápátá.

Ohun tó tún yẹ kó dójú ti àwọn tó ń pariwo pé kí a gbin sí i ni pé, púpọ̀ nínú àwọn tí ebi ń pa lágbàáyé ni wọ́n ń fi ọkọ́ àti àdá jẹun. Ẹ wá sí Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti Ìséyìn títí dé Ṣakí, ilẹ̀ iṣu, ilẹ̀ àgbàdo, ilẹ̀ tí kì í fi ọwọ́ òfìfo dá àgbẹ̀ padà sílé. Àgbẹ̀ ń kórè àgbàdo, ọ̀sẹ̀ kan náà ló sì ń tà á, nítorí pé owó irúgbìn, owó ajílẹ̀, owó alágbàṣe àti owó ilé-ìwé ọmọ, gbèsè ni gbogbo rẹ̀, sọ̀gúndogójì sì ti dúró sí etí oko. Gbogbo aládùúgbò rẹ̀ ló ń tà lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí náà iye tí alárọ́bọ̀ bá dá lé e ni yóò gbà, àpò tí alárọ́bọ̀ gbé wá, tí wọn yóò ki títí tí yóò fi yọ orí, ni wọn yóò sì fi wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ yóò gbé e gba ojú ọ̀nà tí kòtò ti jẹ tán, yóò dúró níwájú agbófinró, yóò dúró níwájú agbowó-orí, yóò tún dúró níwájú àwọn tí kì í ṣe agbófinró tí wọn kì í sì í ṣe agbowó-orí, olúkúlùkù yóò gba tirẹ̀ kí àgbàdo tó wọ ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, níbi tí a ó ti máa bù ú ní kóńgò kóńgò fún ẹni tó fẹ́ jẹ. Nígbà tí àkókò irúgbìn bá tún dé, tí àká ti gbẹ, àgbẹ̀ yẹn náà ni yóò mú owó lọ sí ọjà láti ra àgbàdo, bóyá tirẹ̀ gan-an, ní ìlọ́po iye tó tà á. Ẹni yìí ni wọ́n ń sọ fún pé kó gbin sí i! Bó bá gbin sí i, tí gbogbo aládùúgbò rẹ̀ náà gbin sí i, iye rẹ̀ yóò túbọ̀ já wálẹ̀ lọ́sẹ̀ ìkórè, sọ̀gúndogójì kò sì ní dín kọ́bọ̀ kan nínú èlé rẹ̀.

Ní 1976, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation dìde. Ní 1980, ìjọba Ṣàgàrí gbé Green Revolution tirẹ̀ dé. Ohun tí etí wa gbọ́ jù nínú méjèèjì ni pé kí a padà sóko, kí a gbin sí i. Láti ìgbà náà wá, orúkọ ètò ń yí padà, orin kò yí padà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ń kórè lórí sarè kan díẹ̀ nínú ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù ń kórè, ó sì tọ́ kí ìkórè rẹ̀ pọ̀ sí i. Òjò ti ń ṣe ségesège, mo mọ̀. Ogun ń lé àgbẹ̀ kúrò lóko ní Borno àti ní Sudan, mo mọ̀. Ọ̀dá lè pa irúgbìn. Ṣùgbọ́n ọ̀dá kì í yan ẹni tí yóò jẹ èyí tó kù. Ọ̀dá máa ń mú ní Australia, ó máa ń mú ní California, kò sì sí ọmọ tí ebi ń pa kú níbẹ̀ nítorí rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ọ̀dá bá ba oko rẹ̀ jẹ́ níbẹ̀ ní ìjọba tó ń bẹ̀rù ìbò rẹ̀ àti owó tó lè fi ra ohun tó hù níbòmíràn.

Wọ́n tún ní ènìyàn ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ yìí ti gbó. Àlùfáà òyìnbó kan, Thomas Malthus, ló kọ ọ́ sínú ìwé ní 1798 pé ènìyàn yóò máa bí síi ju bí ilẹ̀ ṣe lè bọ́ wọn lọ. Ìgbà náà, gbogbo ènìyàn ayé kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù kan lọ. A ti di ìlọ́po mẹ́jọ báyìí, oúnjẹ tó kan olúkúlùkù sì pọ̀ ju ti ayé Malthus lọ. Ní 1968, Paul Ehrlich ní Amẹ́ríkà tún kọ ọ́ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ènìyàn ni ebi yóò pa láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ohun tó sọ kò ṣẹ, bẹ́ẹ̀ kò dẹ́kun láti máa jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ló ń fa ebi, ilẹ̀ Netherlands tí àwọn ènìyàn ti há mọ́ ara wọn ìbá ti jẹ ara wọn tán, dípò kí ó wà lára àwọn tó ń ta oúnjẹ sí òkèèrè jù lágbàáyé. Central African Republic, tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ lọ salalu tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò sì pọ̀, ìbá ti máa fi oúnjẹ tọrẹ. Òdìkejì èyí ni a ń rí. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó ń sọ pé ènìyàn pọ̀ jù kì í ka ara rẹ̀ mọ́ wọn láéláé. Ọmọ ẹlòmíràn ló máa ń pọ̀ jù.

Àwọn ẹlòmíràn wà tí kò bá mi jiyàn pé oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n tí wọ́n á ní ìka kò dọ́gba, pé bí Ọlọ́run ṣe dá ayé nìyẹn, àti pé ọjà ló mọ ibi tó yẹ kí oúnjẹ lọ. Ìka kò dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn la jọ fi ń gbé òkèlè, kò sì sí ẹni tó gé ọmọńdinrín rẹ̀ nítorí pé ó kúrú. Ní ti ọjà, etí rẹ̀ kò gbọ́ igbe ebi. Owó nìkan ló ń gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008, iye ìrẹsì lọ́jà àgbáyé di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta láàárín oṣù díẹ̀, láìjẹ́ pé ìkórè ayé bàjẹ́: Íńdíà àti Vietnam ló ti ẹnubodè wọn, àwọn tó sì ń rà á ń fi ìbẹ̀rù kó o pamọ́. Ní Haiti, àwọn ènìyàn tú sí ìgboro pẹ̀lú ìbínú títí tí olórí ìjọba wọn fi kúrò lórí àga. Ní gbogbo àkókò yìí, ìrẹsì tó lé ní mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan wà nínú àká ní Japan, èyí tí wọ́n rà láti òkèèrè nítorí àdéhùn òwò, tí àwọn ará ilẹ̀ náà kò fẹ́ jẹ, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn bó bá pẹ́. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, tí ìròyìn kàn pé Japan lè tú díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, iye ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ kí wọ́n tó gbé àpò kan ṣoṣo jáde. Ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tó láti mú un rọlẹ̀, a sì ní kí àwọn ará Haiti gbà pé òjò ló fà á.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ayé òde òní ti rí ọmọ kékeré tí yóò máa bá wọn ru ú, wọ́n sì ń fún un ní ìyókù, wọ́n ń pè é ní àánú. N kò bú ẹni tó ń fi oúnjẹ ta ẹni tí ebi ń pa lọ́rẹ. Ó gba ẹ̀mí là, kí Ọlọ́run san án fún un. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí ẹ̀tọ́ ènìyàn di ohun tí yóò máa dúró de ìgbà tí inú ẹlòmíràn bá dùn.

Pé ó lè di ẹ̀tọ́, a ti rí i. Ní ọdún 2001, ọ̀dá ti mú Rajasthan ní Íńdíà fún ọdún kẹta, ebi sì ń pa àwọn ará abúlé, nígbà tí àká ìjọba kún àkúnfàya. Ìrẹsì àti àlìkámà tó wà nínú wọn ti lé ní mílíọ̀nù 60 tọ́ọ̀nù ní àárín 2002, lẹ́yìn ìlú Jaipur sì rèé, ìta gbangba ni àpò ọkà wà tí òjò ń pa á tó ń jẹrà. Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan tí à ń pè ní PUCL gbé ìjọba lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, wọ́n ní ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè ní ẹ̀tọ́ láti jẹun. Ní oṣù kọkànlá 2001, ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba máa se oúnjẹ ọ̀sán fún ọmọ. Ní 2013, ó di òfin pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ará Íńdíà lẹ́tọ̀ọ́ sí kílò márùn-ún oníhóró lóṣù ní iye tí kò tó nǹkan. Ebi kò tí ì tán ní Íńdíà, n kò sì ní purọ́ pé ó tán. Ṣùgbọ́n òtòṣì ibẹ̀ ní ìwé òfin tó lè nà sí ọ̀gá lójú.

Brazil ni mo fẹ́ fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọmọ ìlú Recife ni Josué de Castro, oníṣègùn tó ti kékeré rí bí àwọn tálákà ṣe ń fọwọ́ wa akàn nínú ẹrẹ̀ láti jẹ. Ní 1946, ó tẹ ìwé tó pè ní Geografia da Fome jáde, ó sì fi yé gbogbo ayé pé ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe ebi. Ó di alága ìgbìmọ̀ FAO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń mójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 1964, wọ́n gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú, ìlú Paris ló sì kú sí ní 1973. Irúgbìn rẹ̀ kò kú. Ní 1993, ìlú Belo Horizonte kéde pé oúnjẹ jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ará ìlú, wọ́n ṣí ilé oúnjẹ ìjọba níbi tí ọlọ́rọ̀ àti òtòṣì ti lè jẹun ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n sì fún àwọn àgbẹ̀ àyíká ní àyè láti tà fún ará ìlú láìsí alárọ́bọ̀ láàárín. Ní 2003, ìjọba ààrẹ Lula sọ ọ́ di ètò gbogbo orílẹ̀-èdè: wọ́n ń fi owó lé àwọn ìyá ọmọ lọ́wọ́, òfin 2009 sì pàṣẹ pé ó kéré tán, ìdá 30 nínú 100 owó oúnjẹ ilé-ìwé tó ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wá gbọ́dọ̀ lọ sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kékeré. Nígbà tó di 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yọ orúkọ Brazil kúrò lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ebi ń bá fínra.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kù. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2019, ọjọ́ tí Bolsonaro gorí àga ààrẹ gan-an, wọ́n tú CONSEA ká, ìgbìmọ̀ tí àwọn ará ìlú fi ń bá ìjọba jókòó lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Àrùn kòrónà dé, ó bá ilé tí kò nílẹ̀kùn. Ní 2021, sóyà tí Brazil kórè pọ̀ ju ti ọdún èyíkéyìí tó ṣáájú rẹ̀ lọ; ọdún yẹn náà ni àwọn ènìyàn ń tò lórí ìlà níwájú ilé alápatà kan ní Cuiabá láti gba egungun tí wọ́n ti kó ẹran kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n lè fi se ọbẹ̀ fún ọmọ. Cuiabá yìí ni olú-ìlú Mato Grosso, ìpínlẹ̀ tí màlúù àti sóyà pọ̀ sí jù ní gbogbo Brazil. Nígbà tó fi di 2022, àwọn olùwádìí ilẹ̀ náà ka mílíọ̀nù 33 ènìyàn tí ebi ń pa, ebi náà sì pọ̀ nínú ilé àwọn aláwọ̀ dúdú, tí ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa wà lára wọn, ju nínú ilé àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ní 2023, ìjọba yí padà, wọ́n dá CONSEA sílẹ̀ padà, wọ́n tún owó àwọn ìyá ọmọ tò, wọ́n sì fi kún un fún ìdílé tó bá ní ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méje. Ní oṣù keje 2025, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún yọ orúkọ Brazil kúrò. Kí àwọn tó ń sọ pé oúnjẹ ni kò tó mú ìwé ìkórè ọdún 2014 sí 2025 jáde, kí wọ́n fi ìka tọ́ ọ fún wa, ọdún tí ilẹ̀ Mato Grosso kò so èyí tó lè bọ́ àwọn tó tò lórí ìlà egungun.